Báwo ni Òótọ́ Inú Eré Oníṣègùn àti Ọlọ́pàá Ṣe Pọ̀ Tó? Ìdáhùn sí Ìbéèrè Ìyá Kan

Ìyá kan kọ̀wé sí mi pé ọmọbìnrin òun, ọmọ ọdún 16, kì í pa eré àtìgbàdégbà jẹ, pàápàá èyí tó dá lórí iṣẹ́ dókítà, ọlọ́pàá àti agbẹjọ́rò, ó sì ti pinnu pé iṣẹ́ àwọn tó ń yẹ ẹ̀rí ìwà ọ̀daràn wò nínú làábù ni òun yóò ṣe. Bàbá ọmọ náà ní irọ́ ni gbogbo ohun tó ń wò, pé kó wá nǹkan mìíràn rò. Ìyá náà wá béèrè pé: báwo ni òótọ́ inú àwọn ìtàn wọ̀nyí ṣe pọ̀ tó, ṣé ó sì yẹ kí ọmọ fi wọ́n yan iṣẹ́ tí yóò fi jẹun?

Ẹ kú àníyàn ọmọ, ìyá wa. Ó ti lé ní 20 ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ dókítà ní ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì, àwọn òǹkọ̀wé eré bíi mélòó kan sì ti gbé iṣẹ́ wọn wá rí pé kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí náà mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn, mo sì mọ díẹ̀ nínú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì òǹkọ̀wé. Èrò mi ni pé aṣọ, ohun èlò àti ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ kì í sábà jẹ́ ìṣòro eré òde òní, torí pé àwọn tó ń ṣe é máa ń sanwó fún ẹni tó mọṣẹ́ kó bá wọn tún un ṣe. Ohun tí wọ́n máa ń yí padà ni àkókò tí iṣẹ́ ń gbà àti iyèméjì tó ń bá òṣìṣẹ́ gbé. Nínú iṣẹ́ tí èmi mọ̀, àwọn nǹkan méjì yìí gan-an ló pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé mi. Nígbà tí ọkàn ènìyàn bá ṣàdédé dáwọ́ lílù dúró, a máa ń tẹ̀ ẹ́ láyà kíkankíkan kí ẹ̀jẹ̀ lè máa dé ọpọlọ títí a ó fi mọ ohun tó fà á. Nínú eré, dókítà yóò tẹ àyà náà fún ìṣẹ́jú kan, yóò pe aláìsàn lórúkọ tomijé-tomijé, aláìsàn yóò wúkọ́, yóò lajú, ó parí. Ní ọdún 1996, àwọn dókítà mẹ́ta gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n jókòó wo ètò tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta tó gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà náà, wọ́n sì ka ìgbà 60 tí wọ́n tẹ ènìyàn láyà nínú wọn. Ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aláìsàn náà ló jí lójú ẹsẹ̀, ó sì jọ pé ìdá 67 ló padà sílé. Lójú ayé, nínú àwọn tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí níta ilé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ìdá 10 ló ń kúrò ní ilé ìwòsàn láàyè. Àwọn tó ṣẹlẹ̀ sí nínú ilé ìwòsàn, níbi tí a ti wà nítòsí pẹ̀lú gbogbo ohun èlò wa, kò ju bí ìdá 25 lọ. Àwọn tí eré máa ń fi hàn sábà jẹ́ ọ̀dọ́ tí jàǹbá ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn tí àwa ń rí sábà jẹ́ àgbàlagbà tí ọkàn wọn ti ń ṣàìsàn láti ọjọ́ pípẹ́.

Ọwọ́ òṣèré pàápàá kì í tẹ àyà náà bó ṣe yẹ, n kò sì dá wọn lẹ́bi, nítorí ẹni tí wọ́n ń tẹ̀ kò ṣàìsàn kankan. Ìtẹ̀sílẹ̀ gidi gbọ́dọ̀ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ó kéré tán, ní ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, pẹ̀lú apá tó nà tantan. Egungun ìhà máa ń kán níbẹ̀. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kì í lè ju ìṣẹ́jú méjì lọ kó tó rẹ̀ ẹ́, ẹlòmíràn ní láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà sì lè gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ń sọ gbogbo èyí nítorí mo ti jókòó ti àwọn ìdílé tí bàbá wọn ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, tí àrùn jẹjẹrẹ ti jẹ ẹ́ dé egungun, tí àwọn ọmọ sì ń bẹ̀ wá pé kí á máa tẹ̀ ẹ́ láyà nìṣó. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé òun ti rí i tó ṣiṣẹ́ rí. Nígbà tí mo béèrè ibi tó ti rí i, tẹlifíṣọ̀n ni. Kò sí ohun tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún yẹn, torí pé ìfẹ́ bàbá rẹ̀ ló mú un sọ ọ́, àwa tó yẹ ká ti bá a sọ̀rọ̀ láìsí tàbí-ṣùgbọ́n kò sì tètè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná ta ọkàn jí náà ní ìtàn tirẹ̀. Nínú eré, ìlà ojú ẹ̀rọ yóò lọ gbọọrọ, dókítà yóò ní kí gbogbo ènìyàn kúrò lára ibùsùn, yóò gbé ẹ̀rọ náà lé àyà, ara aláìsàn yóò fò sókè. Ìlà gbọọrọ túmọ̀ sí pé kò sí iná kankan nínú ọkàn náà mọ́, a kì í sì í ta irú ọkàn bẹ́ẹ̀ níná, oògùn àti ìtẹ̀sílẹ̀ ló kù fún un. Ọkàn tó ń gbọ̀n rìrì láìlè fún ẹ̀jẹ̀ jáde ni ẹ̀rọ náà wà fún: ó máa ń dá ìgbọ̀nrìrì náà dúró kí ọkàn lè tún ara rẹ̀ tò. Ó yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ eré tó mọ orúkọ gbogbo oògùn ṣì ń ṣe àṣìṣe yìí. Àwọn òǹkọ̀wé mọ̀ ọ́n. Ìlà gbọọrọ ló kàn yé òǹwòran kíákíá.

Ohun mìíràn ni pé dókítà inú eré ní ọwọ́ mẹ́wàá. Òun ló ń gba ẹ̀jẹ̀, òun ló ń wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ, òun ló ń ya àwòrán inú ara, òun náà ló ń ṣe iṣẹ́ abẹ, nígbà tí nọ́ọ̀sì á kàn máa kọjá lẹ́yìn pẹ̀lú fáìlì lọ́wọ́. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ní alẹ́ kan tí a bá gba aláìsàn kan tí ọkọ̀ gbá, àwọn tó ń fọwọ́ kàn án kì í dín ní mẹ́wàá, nọ́ọ̀sì ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ rí i pé nǹkan ti ń yíwọ́. Bí ọmọ kan bá fi eré mọ ilé ìwòsàn, yóò rò pé dókítà nìkan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Irú àṣìṣe yìí kì í pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó ń gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rere kúrò lójú àwọn ọmọ tó ì bá fẹ́ràn wọn.

Síbẹ̀, n kò ní gbà fún bàbá ọmọ yìí pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 2012, wọ́n gbé ọkùnrin ẹni ọdún 55 kan wá sí ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà ní Marburg, ní Jámánì. Ọkàn rẹ̀ ti ń kùnà, ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́, etí rẹ̀ ti di, ibà sì ń ṣe é láìmọ ìdí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Juergen Schaefer tó tọ́jú rẹ̀ máa ń fi House, eré tẹlifíṣọ̀n kan nípa dókítà, kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ó sì rántí aláìsàn kan nínú eré náà tí irin ìbàdí àtọwọ́dá ń da májèlé sí lára. Wọ́n yẹ ọkùnrin náà wò, wọ́n sì rí i pé èròjà cobalt láti ara irin tí wọ́n fi pààrọ̀ ìbàdí rẹ̀ ti kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n yọ irin náà, ọkàn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn díẹ̀díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú àti etí rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò tó bẹ́ẹ̀. Ìròyìn rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet ní ọdún 2014. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an, torí pé ó fi hàn pé òǹkọ̀wé tó ka ìwé dáadáa lè gbé ìmọ̀ pamọ́ sínú eré títí ẹnì kan yóò fi nílò rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká lọ sí làábù tí ọmọ yín ń wò. Láti ọdún 2000 tí eré CSI ti bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, irú iṣẹ́ yìí ti gba ọkàn ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́. Ẹni kan náà nínú eré ni yóò lọ síbi tí wọ́n ti pa ènìyàn, tí yóò kó ẹ̀rí, tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò, tí yóò fọ̀rọ̀ wá afurasí lẹ́nu wò, tí yóò sì fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Lójú ayé, iṣẹ́ ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún nìyẹn, ọ̀pọ̀ àwọn tó wà ní làábù kì í sì í fojú kan afurasí àyàfi tí wọ́n bá pè wọ́n sí kóòtù. Ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí kò mọ ohun tí ọlọ́pàá ń retí kò ní máa fi ìrètí wọn ka èsì àyẹ̀wò. Àyẹ̀wò DNA tí eré ń parí kí ìpolówó ọjà tó bẹ̀rẹ̀ máa ń gba ọjọ́ púpọ̀ tàbí ọ̀sẹ̀ bí ẹ̀rí bá ti pọ̀ nílẹ̀. Àkókò tí ẹnì kan kú náà kò ṣeé sọ bí ẹni wo aago. Bí òkú ṣe ń tutù wà lọ́wọ́ aṣọ ọrùn rẹ̀, bó ṣe sanra sí, afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ àti ilẹ̀ tó dùbúlẹ̀ sí, nítorí náà wákàtí bíi mélòó kan ni amòye olóòótọ́ máa ń fi sílẹ̀ sáàárín.

Ibi tí iyèméjì ti ṣe pàtàkì jù ni ọ̀rọ̀ ìtẹ̀ka. Nínú eré, kọ̀ǹpútà yóò máa yí àwòrán ìtẹ̀ka kọjá wìrìwìrì, yóò dúró, orúkọ àti fọ́tò ọ̀daràn yóò sì hàn. Kọ̀ǹpútà gidi kì í dárúkọ ẹnì kan. Ó máa ń to àwọn tí ìtẹ̀ka wọn jọ ọ́ sílẹ̀, ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni yóò sì fi ojú ara rẹ̀ wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn tí bọ́ǹbù bú gbàmù nínú àwọn ọkọ̀ ojú irin ní Madrid ní oṣù kẹta ọdún 2004, kọ̀ǹpútà FBI, ilé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, to orúkọ 20 jáde fún ìtẹ̀ka kan tí wọ́n rí lára àpò kan. Àwọn ayẹ̀wò mẹ́ta ní FBI sọ pé ti agbẹjọ́rò kan tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà ni, amòye tí kóòtù yàn sì gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú wọn. Àwọn ọlọ́pàá Spain ní kì í ṣe tirẹ̀, wọ́n sì wá rí ẹlòmíràn tó ni ín. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọkùnrin aláìmọwọ́mẹsẹ̀ náà lò ní àtìmọ́lé. FBI tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà sì san mílíọ̀nù méjì dọ́là fún un ní ọdún 2006. Lọ́dún 2009, ìgbìmọ̀ kan ti National Academy of Sciences ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ gbangba pé, yàtọ̀ sí àyẹ̀wò DNA, kò sí ọ̀nà àyẹ̀wò ẹ̀rí kankan tí wọ́n ti fi ìwádìí tó jinlẹ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó lè so ẹ̀rí mọ́ ẹnì kan pàtó nígbà gbogbo pẹ̀lú ìdánilójú. Ẹ fojú inú wo eré tí akọni rẹ̀ yóò dìde ní kóòtù, tí yóò sọ pé, "Ohun tí mo rí kò tó fún mi láti sọ." Mo gbà pé akọni gidi nìyẹn, àmọ́ n kò tíì rí òǹkọ̀wé tó gbà pẹ̀lú mi.

Ẹ ó ti gbọ́ pé eré wọ̀nyí ń ba ìdájọ́ jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Adájọ́ Donald Shelton ní ìpínlẹ̀ Michigan, ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ará ìlú ti máa ń jókòó gbọ́ ẹjọ́ kí wọ́n lè sọ bóyá olùjẹ́jọ́ jẹ̀bi, bi nǹkan bí 1,000 irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2006. Ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ń retí ẹ̀rí sáyẹ́ǹsì nínú gbogbo ẹjọ́ ọ̀daràn, láìka ohun tí ẹjọ́ náà dá lé. Síbẹ̀ kò rí i pé wíwo eré náà mú kí wọ́n máa dá ọ̀daràn sílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ènìyàn gbọ́n ju bí a ti ń fojú wò wọ́n lọ, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń retí ti yí padà.

Nípa kóòtù fúnra rẹ̀, n kò ní pẹ́. Àwọn àríyànjiyàn gbígbóná tí ẹ ń wò kò wọ́pọ̀: Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà sọ ní ọdún 2012 pé ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún ìdálẹ́bi ní kóòtù ìjọba àpapọ̀, àti ìdá 94 ní kóòtù ìpínlẹ̀, ló wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹnu ara wọn gbà pé àwọn jẹ̀bi. Láti ọdún 1963 ni ilé ẹjọ́ kan náà ti pa á láṣẹ pé agbẹjọ́rò ìjọba kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rí tó lè gba olùjẹ́jọ́ là pamọ́, nítorí náà ẹlẹ́rìí tó ṣàdédé wọlé nígbà tí ẹjọ́ fẹ́ parí jẹ́ àrà ìtàgé. Òòlù onígi tí adájọ́ fi ń gbá tábìlì wà ní Amẹ́ríkà. Àwọn adájọ́ kóòtù ọ̀daràn ní England àti Wales kò lò ó rí, bó ti wù kí eré fi hàn tó.

Nínú ti ọlọ́pàá, irọ́ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá ọmọ yín sọ lónìí yìí. Eré ti kọ́ àwọn ènìyàn pé bí ẹnì kan bá sọnù, ó di ìgbà tí wákàtí 24 bá kọjá kí wọ́n tó lè fi tó ọlọ́pàá létí. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà tàbí Gẹ̀ẹ́sì, wákàtí àkọ́kọ́ gan-an ló sì ṣe iyebíye jù bí ọmọdé bá sọnù. Nínú gbogbo àṣìṣe tí mo kà nínú ìwé eré, èyí nìkan ni mo máa ń bẹ òǹkọ̀wé kó yọ kúrò pátápátá. Àwọn yòókù kò wúwo tó bẹ́ẹ̀. Chloroform tí wọ́n fi aṣọ ìnujú bo ènìyàn nímú máa ń gba ìṣẹ́jú bíi mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́, kì í ṣe ìmí ẹ̀ẹ̀kan. Ẹni tí wọ́n gbá lórí, tó dákú fún wákàtí kan, kì í dìde kó máa sáré lé ọ̀tá. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé e wá, ó sì lè má padà bọ̀ sípò mọ́. Nípa ìbọn, ilé iṣẹ́ ìwádìí Pew bi àwọn ọlọ́pàá Amẹ́ríkà ní ọdún 2016, ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àwọn ti yìnbọn rí lẹ́nu iṣẹ́, yàtọ̀ sí ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

Ìgbà míì ìtàn àròsọ máa ń ṣáájú àwọn oníṣẹ́ gan-an. Ní oṣù kẹfà ọdún 1983, Ààrẹ Ronald Reagan wo eré WarGames, níbi tí ọmọkùnrin kan ti fi kọ̀ǹpútà ilé já wọ inú kọ̀ǹpútà ológun. Ó bi ọ̀gágun John Vessey, olórí àwọn ọ̀gágun Amẹ́ríkà nígbà náà, bóyá irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀. Ọ̀gágun náà padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú èsì pé ọ̀rọ̀ náà burú ju bí ààrẹ ṣe rò lọ, àṣẹ ìjọba lórí ààbò kọ̀ǹpútà sì jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó kọ eré náà ti lọ bá Willis Ware, amòye kọ̀ǹpútà, kí wọ́n tó kọ ọ́, ó sì ti sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n ń rò ṣeé ṣe.

Ẹ ó rí i pé ibi tí òótọ́ bá wà, ẹnì kan ló lọ béèrè, tàbí kó jẹ́ òun gan-an ló ṣe iṣẹ́ náà rí. Michael Crichton tó dá ER, eré ilé ìwòsàn, sílẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ìṣègùn ní Harvard. David Simon tó dá The Wire, eré ọlọ́pàá, sílẹ̀ jẹ́ akọ̀ròyìn tẹ́lẹ̀ ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, Ed Burns tó bá a kọ ọ́ sì ti ṣe ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àti olùkọ́ ní ìlú kan náà. Ìdí nìyẹn tí ọlọ́pàá inú eré náà fi ń lo ọjọ́ púpọ̀ lórí ìjókòó, ìwé kíkọ àti gbígbọ́ tẹlifóònù. Òǹkọ̀wé kan gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá fún mi nígbà kan, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú rẹ̀. Mo ní wákàtí mẹ́rin ni. Ó bi mí pé kí wá ni àwọn òṣèré yóò máa ṣe fún wákàtí mẹ́rin. Mo sọ fún un pé wọn yóò máa tọ́jú aláìsàn mẹ́jọ mìíràn, wọn yóò sì máa bẹ̀rù nípa ti àkọ́kọ́. Ó lọ, ó tún un kọ: ẹ̀ẹ̀mẹta ni nọ́ọ̀sì kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ pé, "Èsì kò tíì dé." Kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ nínú eré náà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wò ó, àyà mi já gẹ́gẹ́ bó ti ń já lẹ́nu iṣẹ́.

Nítorí náà, ìyá wa, ẹ má pa tẹlifíṣọ̀n náà. Ohun kan wà tí eré ti fún ọmọ yín tí ìran àtijọ́ kò ní. Ní ọdún 1983, olùwádìí kan tó ń jẹ́ David Chambers tẹ ìwádìí kan jáde tó fi ní kí àwọn ọmọdé 4,807 ya àwòrán onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Àwòrán 28 péré ló jẹ́ ti obìnrin, àwọn ọmọbìnrin ló sì ya gbogbo wọn. Ọmọ yín ń wo obìnrin tó wọ aṣọ funfun nínú làábù lójoojúmọ́, kò sì tilẹ̀ rí i bí ohun tuntun.

Àmọ́ kó tó yan iṣẹ́ náà, ẹ bi í bóyá ó fẹ́ràn kẹ́místrì, bóyá ó lè ṣe ohun kan náà ní ìgbà ogún láìfi ìkankan ṣeré, bóyá ó sì lè kọ ohun tó rí sílẹ̀ ní ṣókí láìbù mọ́ ọn. Bí àyè bá wà, ẹ mú un lọ jókòó sí kóòtù ní ọjọ́ tí amòye kan yóò jẹ́rìí, kó gbọ́ bí agbẹjọ́rò ṣe ń fi ìbéèrè gbọn irú amòye bẹ́ẹ̀ yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bá a wá ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ làábù, kí ọmọ má bi í nípa ẹjọ́ tó le jù tó ti rí. Kó bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ṣe ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, láti ìgbà tí ẹ dé títí di ìgbà tí ẹ lọ sílé?" Bí ojú rẹ̀ bá ṣì ń tàn lẹ́yìn tó ti gbọ́ gbogbo ìdáhùn náà, ẹ pe bàbá rẹ̀ kí òun náà jókòó gbọ́ ọ.